Oje Ìyá

Ẹni tó bá mọ iyì wúrà là ń tà á fún. Ọ̀rọ̀ yìí kì í wọ́n lẹ́nu ìyá àgbà wa bó bá rí i tí àwa ọmọdé ń fi oje igi ìyá ju ẹyẹ lọ́nà oko ní Ìgbòho. Igi ńlá ni ìyá, ó pọ̀ ní ọ̀dàn Òkè-Ògùn, òdòdó rẹ̀ a sì máa funfun nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Bí a bá ṣá a lọ́gbẹ́, oje á sun jáde, á gbẹ, á pọ́n bí oyin.

Èéfín oje yìí ni a fi mọ̀ ọ́n nílé. Wọ́n á wọ́n ọn sórí ẹyin iná, òórùn rẹ̀ á gba ilé, wọn a sì fi fín aṣọ. Àwọn àgbà ní ó ń lé ẹ̀fọn, ó sì ń lé iwin. N kò lè jẹ́rìí sí ti iwin. Ti ẹ̀fọn, mo rí i. Fún làpálàpá, wọ́n á yọ́ oje mọ́ òrí, wọ́n á fi pa ojú ibẹ̀. Èèpo igi náà ni wọ́n ń sè fún ikọ́ àti inú rírun. Ẹni tó fẹ́ bó èèpo gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ kí igi, kó sì bó o ní ẹ̀gbẹ́ kan péré. Mo bọ̀wọ̀ fún èèwọ̀ yẹn gan-an, nítorí igi tí a bá bó èèpo rẹ̀ yíká, kíkú ló máa kú. Èyí tí n kò fara mọ́ ni ti àwọn òyìnbó tó ń so amber, oje àtayébáyé, mọ́ ọrùn ọmọ tó ń hu eyín. Lọ́dún 2018, àjọ FDA, tó ń bójú tó oúnjẹ àti oògùn ní Amẹ́ríkà, kìlọ̀ fáwọn òbí pé okùn rẹ̀ lè fún ọmọ lọ́rùn, ìlẹ̀kẹ̀ rẹ̀ sì lè há ọmọ lọ́nà ọ̀fun.

Oje ìyá tó gbẹ dáadáa ṣeé dán nílé. Sáńpépà tí a rẹ sómi ni kí ẹ fi ha á, kí ẹ sì máa dúró bó bá ti ń gbóná, torí ooru máa ń jẹ́ kó lẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ fi aṣọ òwú àti ọṣẹ ìfọyín díẹ̀ nù ún. Ẹ gbé e sójú oòrùn: ẹ lè rí èèrà nínú rẹ̀, tẹsẹ̀tẹsẹ̀, bó ṣe ń rìn lọ kí oje tó bò ó.

Àwọn ìlẹ̀kẹ̀ ńlá aláwọ̀ ìyeyè tí àwọn obìnrin Fúlàní ń fi ṣe ẹ̀ṣọ́, amber ni ọlọ́jà ń pè wọ́n. Amber tí wọ́n ń wà létí Òkun Baltic ti lé ní 30 mílíọ̀nù ọdún. Oje tiwa, ọmọdé ni lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ mọ ohun tí wọ́n fi ṣe irú ìlẹ̀kẹ̀ bẹ́ẹ̀, ẹ po iyọ̀ mọ́mi títí iyọ̀ kò fi ní yòrò mọ́, kí ẹ ju ìlẹ̀kẹ̀ náà sí i. Díńgí á rì, rọ́bà líle àtijọ́ náà á rì, ṣùgbọ́n amber àti oje á léfòó. Láti wá ya àwọn méjèèjì sọ́tọ̀, ẹ kán sípírítì sí i níbi tó fara sin, kí ẹ fi ìka tẹ̀ ẹ́. Bó bá lẹ̀ mọ́ ìka, oje ni.