Ìpéǹpéjú Tó Bo Ojú: Ẹwà Ni Tàbí Ìríran?

Àwọn àgbà ní ojú lọba ara. Ṣùgbọ́n ọba tí a fi aṣọ dì lójú, báwo ni yóò ṣe rí ìlú?

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, ẹ wo àwọn ìyá wa àgbà dáadáa. Òmíràn nínú wọn a máa gbé àgbọ̀n sókè kí ó tó rí ẹni tí ń kí i. Bí ọjọ́ orí bá ti ń lọ, awọ ìpéǹpéjú òkè a máa dẹ̀, iṣan tí ń gbé e sókè a sì máa rọ̀, títí yóò fi bo ọmọlójú.

Àwọn kan ń bẹ̀rù pé bí dókítà bá tún un ṣe, a ti yí ẹ̀dá Ọlọ́run padà. Ẹ jẹ́ kí á rántí Arfaja, Sàhábà tí imú rẹ̀ gé lójú ogun. Ànábì wa, kí ìkẹ́ Ọlọ́run máa bá a, ni ó yọ̀ǹda pé kí ó fi wúrà ṣe imú. Àtúnṣe àbùkù yàtọ̀ sí àṣejù ẹwà.

Iṣẹ́ yìí kì í sì í ṣe tuntun láàárín àwa Mùsùlùmí. Al-Zahrawi, oníṣègùn ńlá ti ìlú Kọ́dóbà ní ilẹ̀ Sípéènì, tí ó kú ní nǹkan bí ọdún 1013, kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀, Kitab al-Tasrif, bí a ṣe ń fi irin gbígbóná tí ó tẹ̀ bí oṣù tó ṣẹ̀ṣẹ̀ lé wo ìpéǹpéjú tó rọ̀.

Lóde òní, dókítà yóò fún ojú ní abẹ́rẹ́ tí kì í jẹ́ kí ó mọ ìrora, yóò gé awọ tó pọ̀ jù, yóò sì rán an. Bí iṣan ni ó rọ̀, yóò fà á le. Ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan, a ó tú òwú náà. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá gé e jù, ojú kò ní lè pa dé mọ́, yóò sì máa gbẹ. Nítorí náà, dókítà ojú tó mọṣẹ́ ni kí ẹ wá, kì í ṣe ilé ìṣaralóge.

Ẹ̀yin ìyá, ẹ fetí sí èyí. Bí a bá bí ọmọ tí ìpéǹpéjú rẹ̀ bo ọmọlójú, ẹ má ṣe dúró dìgbà tó bá dàgbà. Ojú tí kò bá lò ó láti kékeré lè má kọ́ ìríran mọ́. Bí ti àgbàlagbà bá sì ṣàdédé wọ́, tí ó ń rí ohun kan ní méjì, tàbí tí orí ń fọ́ ọ gidigidi, ẹ sáré gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an.

Kí Ọlọ́run má ṣe mú ìmọ́lẹ̀ ojú wa kúrò. Àmín.