Ilẹ̀ Wo Ni Ká Fún Ilé Ìwé Ọmọ Aláìní?

 Ó pọ̀ nínú wa tó ń sọ pé tí a bá ti lè rí ilẹ̀ fún ilé ìwé ọ̀fẹ́ àwọn ọmọ aláìní, ọ̀rọ̀ ti bùṣe. Ilẹ̀ wo?

Ẹ jẹ́ ká wo Mákòkó l'Ékòó. Àwọn Ègùn apẹja ló pọ̀ jù níbẹ̀, àlejò tó ti pẹ́ títí bíi tiwa. Ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan wà níbẹ̀, Whanyinna, tí àwọn aláàánú ràn lọ́wọ́. Orí àbàtà tí wọ́n kó iyẹ̀pẹ̀ dí ni wọ́n kọ́ ọ sí, omi sì máa ń yọ wọ́n lẹ́nu. Àwọn ọmọ ń pọ̀ sí i, àyè ò gbà wọ́n mọ́. Ní 2013, ayàwòrán ilé Kúnlé Adéyẹmí kọ́ ilé alájà mẹ́ta fún wọn, èyí tó léfòó lórí àgbá rọ́bà 256. Gbogbo ayé ló yìn ín. Ní ọjọ́ 7 oṣù kẹfà 2016, òjò ńlá rọ̀, ilé náà wó. Ọpẹ́ ni pé wọ́n ti kó àwọn ọmọ kúrò níbẹ̀ ṣáájú. Ṣùgbọ́n ibo ni wọ́n kó wọn lọ? Ilé àtijọ́ tí kò gbà wọ́n náà ni. Èmi ò bá ẹni tó kọ́ ọ wí, ó gbìyànjú ju ọ̀pọ̀ lára wa lọ.

Kì í sì í ṣe omi nìkan. Ní oṣù keje 2012, ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó wó ọ̀pọ̀ ilé ní Mákòkó kan náà.

Àwa náà mọ omi. Ní 2012 àti 2022, Ọya àti Bẹ́núé kún bo Kabawa. Àwọn ilé ìwé tí omi ò dé, àwọn tí omi lé kúrò nílé ló lọ sùn síbẹ̀, ẹ̀kọ́ dúró. Nítorí náà, tí ẹnikẹ́ni bá fi ilẹ̀ ta wá lọ́rẹ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ká kọ́kọ́ bi àwọn àgbà àdúgbò pé ibo ni omi 2012 dé.

Lẹ́yìn náà, ìwé. Láti ìgbà tí òfin ilẹ̀ 1978 ti dé, ọwọ́ gómìnà ni ilẹ̀ wà. Kí orúkọ ilé ìwé àti ti àwọn alámòójútó rẹ̀ wà nínú ìwé ilẹ̀, kì í ṣe orúkọ alága, kó má ṣe orúkọ èmi náà. Kí ẹni tó fún wa nílẹ̀ sì fọwọ́ sí i lójú àwọn ọmọ rẹ̀, nígbà tó ṣì wà láàyè.