Ibi Ìsùn àti Ìlera Ọkàn Akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì

Ní ọdún 1960 ni Raymond Prince, oníṣègùn àrùn ọpọlọ ará Kánádà tí ó ti ṣiṣẹ́ ní Arò ní Abẹ́òkúta, kọ̀wé lórí àìsàn kan tí ó rí lára àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Nàìjíríà. Orí aláìsàn a máa gbóná bí iná, á máa ṣe é bí ẹni pé nǹkan ń rìn nínú agbárí rẹ̀, ojú a máa ṣú u lórí ìwé, ohun tí ó kà kì í sì í wọ̀ ọ́ lọ́kàn. Brain fag ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fúnra wọn ń pè é. Lójú Prince, ẹ̀kọ́ ilẹ̀ òkèèrè, tí ó ń fẹ́ kí oníkálukú dá jókòó ti ìwé rẹ̀, ni ó ń ni ọmọ tí a tọ́ dàgbà láàárín ẹbí lára. Ní ọdún 1980, Morákinyọ̀ gbé àlàyé mìíràn kalẹ̀: àìróorunsùn, pẹ̀lú àwọn ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ ń lò láti lé oorun lọ, ní ọwọ́ nínú rẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ bá ti kan oorun, a kò lè yọ yàrá tí a ti ń sùn kúrò níbẹ̀.

Àwọn ilé tí Maxwell Fry àti Jane Drew ya àwòrán wọn fún Yunifásítì Ìbàdàn, tí a dá sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí kọ́lẹ́ẹ̀jì ní 1948, ní ihò lára ògiri kí afẹ́fẹ́ lè máa gbà á kọjá. Láti ìgbà náà, akẹ́kọ̀ọ́ ti pọ̀ ju bẹ́ẹ̀dì lọ ní ọ̀pọ̀ yunifásítì Nàìjíríà, ẹni tí kò bá sì rí gbà a máa sá di ọ̀rẹ́ tí ó rí. Òun ni wọ́n ń pè ní squatter.

Squatter kò lè sọ pé kí wọ́n pa iná. Ó di ìgbà tí àwọn tí ó ni yàrá bá sùn kí ó tó tẹ́ ẹní rẹ̀ sílẹ̀. Kí wọ́n tó jí, ó gbọ́dọ̀ ti ká a. Bí ọ̀rẹ́ rẹ̀ bá bínú lọ́sàn-án, kò mọ ibi tí òun yóò sùn lálẹ́. Àwọn tí ó ni bẹ́ẹ̀dì pàápàá kò bọ́ nínú ìnira náà: ọ̀kan fẹ́ kàwé, èkejì fẹ́ sùn, iná kan ṣoṣo ni ó sì wà. (Ìgbà tí iná mọ̀nàmọ́ná bá wà ni a ń wí.)

Ẹnìkan lè sọ pé ọmọ mẹ́fà tàbí méje a máa sùn sí yàrá kan nínú agbo ilé, tí ẹnikẹ́ni kì í sì í ka èyí sí àìsàn. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n àgbà wà níbẹ̀ tí í sọ ìgbà tí a ó pa fìtílà, kò sì sí ẹni tí í lé ọmọ ilé síta lóru. Ní họ́sítẹ́ẹ̀lì, ẹgbẹ́ ni gbogbo wọn. Kò sí ẹni tí ó ní àṣẹ lórí ẹnìkejì rẹ̀. Nítorí náà, kì í ṣe híhá yàrá nìkan ni ó ń da ọkàn rú, bí kò ṣe pé ènìyàn kò ní ẹ̀tọ́ sí ibi tí ó dùbúlẹ̀ sí.

Ọ̀jọ̀gbọ́n Adéoyè Lambo kò fojú kékeré wo irú ọ̀rọ̀ báyìí. Láti 1954 ni ó ti ń fi àwọn aláìsàn Arò wọ̀ sílé àwọn ará abúlé tí ó yí ilé ìwòsàn náà ká, pẹ̀lú ẹbí kan tí yóò máa tọ́jú wọn. Ibi tí aláìsàn sùn, àti ẹni tí ó wà ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, jẹ́ apá kan ìwòsàn.

Orúkọ squatter kò sí nínú ìwé họ́sítẹ́ẹ̀lì. Bí ọkàn rẹ̀ bá dàrú lóru, àwọn ará yàrá lè bẹ̀rù láti pe pọ́tà, nítorí wọn yóò kọ́kọ́ ní láti ṣàlàyé bí ó ṣe dé ibẹ̀.