Ẹ Gba Fèrèsé Yín Padà: Ọ̀rọ̀ Lórí Títún Yàrá Kan Ṣe Láìná Owó Púpọ̀

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan ní àsìkò ẹ̀ẹ̀rùn, mo yà kí ọmọbìnrin kan ní Inísà, ẹni tí mo ti kọ́ ní ìmọ̀ ìtọ́jú ilé nígbà kan rí, tí ó ti di ìyàwó ilé báyìí. Yàrá kan ṣoṣo ni òun, ọkọ rẹ̀ àti ọmọ wọn kékeré ń gbé. Ó gbà mí tọ̀yàyàtọ̀yàyà, ó kó aṣọ kúrò lórí àga kan ṣoṣo tí ó wà níbẹ̀ kí n lè jókòó, ó sì tan iná kí a lè rí ojú ara wa. Agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ni o. Oòrùn ṣì ń ràn níta. Nígbà tí mo béèrè ibi tí fèrèsé yàrá náà wà, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní, "Àǹtí, ẹ̀yìn àwọn ẹrù yẹn ni ó wà."

Mo wo àwọn ẹrù náà. Kúlà ńláńlá mẹ́ta wà lórí ara wọn. Abọ́ tánganran tí wọ́n tò jọ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àjà. Pọ́tímáńtò méjì wà níbẹ̀, àti ìkòkò àsè kan tí ọmọ ọdún mẹ́ta lè jókòó sínú rẹ̀. Ẹrù ìyàwó rẹ̀ ni. Láti ọjọ́ ìgbéyàwó wọn, omi kò tíì kan ọ̀kan nínú wọn. Ọmọ náà sì ń wúkọ́ lórí bẹ́ẹ̀dì. Èmi kì í ṣe dókítà, n kò sì lè sọ ohun tí ó fa ikọ́ náà, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé yàrá tí afẹ́fẹ́ kò lè wọ̀ kò lè ran ọmọ tí ń wúkọ́ lọ́wọ́.

Ẹ̀yin aya ọ̀dọ́ àti ẹ̀yin ìyá ọmọ wẹ́wẹ́, ohun tí mo fẹ́ bá yín sọ lóṣù yìí kò ju èyí lọ: kí ẹ tó ra ohunkóhun sí yàrá yín, ẹ kọ́kọ́ gba fèrèsé àti ilẹ̀ yàrá náà padà lọ́wọ́ ẹrù. Ọ̀pọ̀ nínú wa a máa rò pé owó ni kò jẹ́ kí ilé wa dára. Nígbà púpọ̀, nǹkan tí a ti ní ni ó ń dí wa lọ́wọ́.

Àwọn kan yóò wí pé yàrá àwọn ìyá wa àgbà kò ní fèrèsé tí ó tó nǹkan, síbẹ̀ wọ́n tọ́ ọmọ yanjú nínú rẹ̀. Òótọ́ ni. Nínú agbo ilé àtijọ́ ní Ìkìrun, Inísà àti Òkukù, yàrá obìnrin kọ̀ọ̀kan kéré, ó sì ṣókùnkùn. Ṣùgbọ́n ògiri amọ̀ rẹ̀ nípọn tí kì í jẹ́ kí ooru wọlé, àjà wà lókè fún ìpamọ́ ẹrù, èyí tí ó sì ṣe pàtàkì jù ni pé wọn kì í gbé inú yàrá lọ́sàn-án. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ àti àgbàlá ni wọ́n ti ń jẹun, níbẹ̀ ni wọ́n ti ń dirun, tí wọ́n ti ń gba àlejò, tí àwọn ọmọ sì ti ń ṣeré. Oorun àti ìpamọ́ ẹrù ni yàrá wà fún. Ní 1907 ni ojú irin dé Òṣogbo. Ó gba Ìkìrun àti Òkukù kọjá, ó sì dé Ilọrin ní 1908. Bí ọdún ti ń gorí ọdún, páànù rọ́pò koríko àti ewé lórí ilé wa, ilé tí yàrá kọjú sí yàrá, èyí tí a ń fi ṣẹ̀fẹ̀ pè ní fésìmí-n-fésìẹ, sì rọ́pò agbo ilé. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ di ojú ọ̀nà tóóró tí alùpùpù ayálégbé àti kẹ́ẹ̀gì omi kún. Gbogbo ohun tí àwọn ìyá wa ń ṣe ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ àti ní àgbàlá ni ọ̀pọ̀ nínú wa ń ṣe báyìí nínú yàrá tí kò ju ẹsẹ̀ bàtà 10 sí 12 lọ, lábẹ́ páànù tí oòrùn ti mú gbóná. A kò lè fi irú yàrá bẹ́ẹ̀ ṣe ibi ìpamọ́ ẹrù bí ti àtijọ́.

Nítorí náà, ọ̀rọ̀ ẹrù ìyàwó ni ó yẹ kí a kọ́kọ́ yanjú, mo sì mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà le. Ìyá ẹni ni ó fi òógùn ojú rẹ̀ ra púpọ̀ nínú rẹ̀. Ìyá ọkọ ẹni sì lè wọlé nígbàkúùgbà láti béèrè pé, "Ìyàwó, àwọn abọ́ yẹn dà?" Ẹ má ṣe tìtorí ìwé tí ẹ kà lóṣù yìí kó ẹrù tà. Ẹ mú ọjọ́ kan tí ọkọ yín wà nílé, kí ẹ kó gbogbo rẹ̀ síta, kí ẹ sì pín in. Èyí tí ẹ ń lò lójoojúmọ́ kò ní pọ̀: ìkòkò mẹ́ta, abọ́ mẹ́fà, ife mẹ́fà, fún ìdílé kékeré. Èyí tí ẹ ń lò nígbà àlejò tàbí ọdún, ẹ fi aṣọ mọ́ tónítóní wé e, kí ẹ kó o sínú kúlà náà gan-an. Ṣé ẹ rí i, kúlà ńlá tí ó ṣófo ń gba àyè lásán. Àpótí ni ó yẹ kí ó jẹ́. Èyí tí ó kù, tí ẹ kò lò láti ọdún méjì, ẹ jókòó ti àwọn àgbà kí ẹ jọ jíròrò lórí rẹ̀. N óò padà sórí ohun tí ìyá ọkọ ọmọbìnrin Inísà yẹn sọ.

Nígbà tí ilẹ̀ bá ti ṣí, ẹ wo òkè. Ògiri yàrá wa fẹ́rẹ̀ẹ́ má ṣe iṣẹ́ kankan ju pé kí ó gbé kàlẹ́ńdà ọdún tí ó ti kọjá lọ. Ẹ pe káfíńtà kí ó kan pẹpẹ kan, tí ìbú rẹ̀ tó íǹṣì 12, mọ́ ògiri lókè ẹnu ọ̀nà, kí ó sì yí ògiri méjì tàbí mẹ́ta ká. Àjà àwọn ìyá wa ni a dá padà yẹn. Pákó àjẹkù láti ibi ìlagi tó fún un, kò sì dọ́gba ní iye pẹ̀lú kọ́bọ́ọ̀dù tuntun. Ohun tí kò wúwo, tí a kì í mú lójoojúmọ́, ni kí ẹ kó síbẹ̀. Kò gbọdọ̀ sí ìkòkò irin tàbí ẹ̀rọ ìlọta lókè ibi tí ọmọ ń sùn. Ẹ fi búlọ́ọ̀kù gbé ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì sókè ní íǹṣì 6, kí ó dúró dáadáa, kí pọ́tímáńtò lè wọ abẹ́ rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí àyè díẹ̀ wà láàrin bẹ́ẹ̀dì àti ògiri kí ìgbálẹ̀ lè dé ibẹ̀, nítorí ibi tí ìgbálẹ̀ kò dé ni aáyán àti ìdun ń gbé. Ìṣó tí àwọ̀n ẹ̀fọn yóò so rọ̀ sí, ẹ kàn án kí ẹ tó to ohunkóhun mìíràn.

Ní Òkukù, níbi tí ọgbà kan nínú ọgbà Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun wà, mo rí ọgbọ́n kan tí ó wù mí ní yàrá akẹ́kọ̀ọ́bìnrin kan. Ó rán àpò wẹ́wẹ́ méjìlá mọ́ ara ankará tí ó ti gbó, ó sì so ó rọ̀ sí ẹ̀yìn ilẹ̀kùn. Bàtà wà nínú àpò ìsàlẹ̀. Ìyarun, abẹ́rẹ́, oògùn àti káàdì ọsibítù wà lókè. Fún àwa tí a ní ọmọ nílé, ó dára kí oògùn lọ sókè ju bẹ́ẹ̀ lọ, sí ibi tí ọmọ tí ó gun àga kò lè dé.

Ojú irin tí mo mẹ́nu kàn lẹ́ẹ̀kan rán mi létí obìnrin kan, ayàwòrán ilé ọmọ Austria, Margarete Schütte-Lihotzky. Ní 1926, ó yàwòrán ilé ìdáná kékeré kan fún àwọn ilé tí ìlú Frankfurt ní Jámánì ń kọ́ fún àwọn ará ìlú. Ìbú rẹ̀ kò tó mítà 2, gígùn rẹ̀ sì jẹ́ nǹkan bíi mítà 3.4. Ara ibi tí ó ti kọ́gbọ́n ni yàrá ìdáná inú ọkọ̀ ojú irin, níbi tí alásè ti ń bọ́ ọ̀pọ̀ èrò nínú àyè tóóró, láìrìn ju ìṣísẹ̀ díẹ̀ lọ. Wọ́n ṣe irú rẹ̀ sí nǹkan bí ilé 10,000. Àwọn obìnrin kan ráhùn lẹ́yìn náà pé ènìyàn kan ṣoṣo ni ibẹ̀ gbà, mo sì gbà pẹ̀lú wọn, nítorí ta ni ń dá gúnyán láìsí ẹni tí yóò bá a bó iṣu? Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ kan wà níbẹ̀ fún ẹni tí ń dáná ní ẹ̀yìnkùlé pẹ̀lú àwọn ayálégbé mìíràn, tí ó sì ń sáré wọlé lẹ́ẹ̀mẹ́wàá láti wá mú iyọ̀, ọ̀bẹ àti ṣíbí. Ẹ ní àpótí pákó kan tí ó ní ọwọ́. Gbogbo ohun ìdáná kéékèèké wà nínú rẹ̀. Ẹ óò gbé e jáde lẹ́ẹ̀kan, ẹ óò gbé e wọlé lẹ́ẹ̀kan.

Ohun kan wà tí kò gbọdọ̀ wọ inú yàrá rárá. Ó ṣòro fún mi láti sọ ọ́, ṣùgbọ́n n óò sọ ọ́. Yàrá kan ni a ń gbé ní Ìkìrun nígbà tí mo bí àkọ́bí mi. Nígbà tí ó ku oṣù díẹ̀ kí ó pé ọmọ ọdún méjì, mo bu kẹrosíìnì sínú ìgò ọtí ẹlẹ́rìndòdò, mo sì tì í sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì nítorí pé n kò ṣètò ibòmíràn fún un. Èmi olùkọ́ ìtọ́jú ilé! Mo bọ́ síta láti sá aṣọ. Nígbà tí mo wọlé, ìgò náà wà lọ́wọ́ ọmọ, òórùn kẹrosíìnì sì ń jáde lẹ́nu rẹ̀. Aládùúgbò mi kan sáré gbé epo pupa wá kí a fún un mu kí ó lè bì. Ìyá àgbà kan tí ó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ni ó gba ife náà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní, "Ẹ má fún un ní ohunkóhun, ẹ má jẹ́ kí ó bì. Ọsibítù ni kí ẹ gbé e lọ báyìí." Lẹ́yìn èyí ni dókítà ṣàlàyé fún mi pé bí ọmọ bá ń bì, kẹrosíìnì lè yà sínú ẹ̀dọ̀fóró, ibẹ̀ ni ewu rẹ̀ pọ̀ sí jù. Ọjọ́ mẹ́ta ni a lò níbẹ̀. Ọmọ náà yè, ó ti ń lọ sí ilé ẹ̀kọ́ báyìí, ṣùgbọ́n n kò tíì lè rí irú ìgò bẹ́ẹ̀ nílẹ̀ kí àyà mi má já.

Inú kẹ́ẹ̀gì tirẹ̀, tí ó ní ìdérí líle, ni kí kẹrosíìnì wà, níta, lókè, lábẹ́ àgádágodo bí ó bá ṣeé ṣe. Ìta náà ni ti gáàsì, ní ìdúró, níbi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́. Ẹ má gbé ààrò èédú wọ yàrá nítorí òtútù tàbí òjò, ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tan jẹnẹrétọ̀ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Èéfín wọn ní májèlé kan tí imú kò lè gbọ́ òórùn rẹ̀, ó sì ń pa ènìyàn lójú oorun.

Ó ku ọ̀rọ̀ ẹwà, èyí tí mo mọ̀ pé púpọ̀ nínú yín ti ń dúró dè. Ẹ kọ́kọ́ bá onílé sọ ọ́, kí ẹ wá kun ògiri ní funfun tàbí àwọ̀ mílíìkì, nítorí àwọ̀ bẹ́ẹ̀ a máa tan ìmọ́lẹ̀ ká. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ bàtà 3 ìsàlẹ̀, níbi tí ọwọ́ ọmọ ń dé, ẹ fi ọ̀dà olóróró tí ó dúdú díẹ̀ kùn ún, kí ó lè ṣeé fi omi nù. Ẹ gbé dígí kọ́ sí ògiri tí ó kọjú sí fèrèsé, ẹ óò rí i bí ìmọ́lẹ̀ yóò ti pọ̀ sí i. Aṣọ fúlẹ́fúlẹ́ ni kí ẹ fi ṣe kọ́tìnnì, kí ẹ sì so ó sókè ju orí fèrèsé lọ ní bí íǹṣì 8, kí yàrá lè dàbí ẹni pé ó ga. Ẹ rán méjì, nítorí eruku ọyẹ́. Aṣọ aláràbarà kan ṣoṣo tó fún yàrá kékeré. Bí ẹ bá ní àdìrẹ kan láti Òṣogbo, ẹ tẹ́ ẹ sórí bẹ́ẹ̀dì, kí ohun tí ó kù jẹ́ aláwọ̀ kan. Ẹ sì máa fọ̀ ọ́ lọ́tọ̀, nítorí aró rẹ̀ a máa ṣí. Ẹní dára ju kápẹ́ẹ̀tì lọ fún wa. Irú èyí tí wọ́n ń hun ní Ọ̀gọ̀tún-Èkìtì lẹ́wà gan-an, a sì lè ká a kúrò nílẹ̀ láàárọ̀ kí a lè gbálẹ̀. Igbá fínfín Ọ̀yọ́ kan lórí pẹpẹ lè gba ìlẹ̀kẹ̀ àti yẹtí. Ní tèmi, n kò fẹ́ràn òdòdó oníke. Eruku nìkan ni ó ń kó jọ.

Oṣù kejì lẹ́yìn ìbẹ̀wò mi àkọ́kọ́ ni mo tún gba Inísà kọjá. Ọmọbìnrin náà sọ fún mi pé òun fi ìbẹ̀rù-bojo lọ bá ìyá ọkọ òun lórí ọ̀rọ̀ ẹrù náà. Ìyá náà kò bínú rárá. Ó bi í léèrè pé kí ló dé tí kò fi ìkòkò àsè àti kúlà wọ̀nyẹn yá àwọn tí ń ṣe ìnáwó, kí ó máa gba owó lórí wọn, kí wọ́n sì máa wà ní yàrá òun tí òun kò lò. Owó ìyálò ẹ̀ẹ̀mejì àkọ́kọ́ ni wọ́n fi ra pákó pẹpẹ.

Kò tan iná fún mi lọ́jọ́ náà. Fèrèsé ti ṣí, irin ìdábùú rẹ̀ ṣì le dáadáa, afẹ́fẹ́ sì ń gbé kọ́tìnnì sókè. Ọmọ rẹ̀ kò tilẹ̀ wá kí mi. Ó di irin náà mú, ó dúró lórí àpótí kan, ó ń pe ewúrẹ́ àwọn ará ilé kejì.