Bakitéríà Tó ń Jí Ọmọ Ogun Ara

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ká ọwọ́ aṣọ yín sókè. Tó bá jẹ́ pé Nàìjíríà ni wọ́n bí yín sí, ó ṣeé ṣe kí ẹ rí àpá kékeré kan ní apá òsì. Àpá abẹ́rẹ́ BCG ni, tí wọ́n ń fún ìkókó nítorí ikọ́ ẹ̀gbẹ. Bakitéríà ààyè ló wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n ó ti rọ̀: ọdún 13 ni Calmette àti Guérin fi tọ́ ọ ní ilẹ̀ Faransé kí agbára rẹ̀ tó dínkù.

Bakitéríà yìí kan náà ni àwọn dókítà fi ń tọ́jú jẹjẹrẹ àpò ìtọ̀ tí kò tíì wọ inú iṣan àpò náà. Ní 1976, Alvaro Morales àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Kánádà ròyìn rẹ̀ lórí aláìsàn 9. Títí dòní, wọ́n á fi rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ da BCG sínú àpò ìtọ̀, aláìsàn á mú un mọ́ra fún bíi wákàtí 2. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ ni, fún ọ̀sẹ̀ 6.

Ṣé BCG ló wá ń pa jẹjẹrẹ ni? Iṣẹ́ tó pọ̀ jù níbẹ̀ kì í ṣe tirẹ̀. Inú ara wa ni jẹjẹrẹ ti jáde, torí náà àwọn sẹ́ẹ̀lì ọmọ ogun máa ń kà á sí ará ilé. Àwọn tó bá tiẹ̀ wọ inú kókó náà, ó lè tàn wọ́n jẹ. Àwọn macrophage kan, tó yẹ kó gbé e mì, á di ẹ̀ṣọ́ rẹ̀.

Tí BCG bá dé, ariwo ta. Neutrophil á kọ́kọ́ sáré dé, macrophage á tẹ̀lé e, wọ́n á máa tú kẹ́míkà tó ń pe àwọn yòókù. Nígbà tí sẹ́ẹ̀lì T bá wọlé, jẹjẹrẹ ò ríbi sá sí mọ́. Gbogbo ọjọ́ ni tolè, ọjọ́ kan ni tolóhun.

Ìjà náà ò ṣàì ní ìnira: ìtọ̀ á máa ta èèyàn, ibà díẹ̀ lè dé. Kò sì ṣiṣẹ́ fún gbogbo èèyàn. Jẹjẹrẹ míì máa ń tẹ bíréèkì sẹ́ẹ̀lì T, èyí tí wọ́n ń pè ní PD-1. Ní 2020, Amẹ́ríkà fọwọ́ sí pembrolizumab, oògùn tó ń tú bíréèkì yẹn, fún àwọn kan tí BCG ò ràn lọ́wọ́.

Ṣùgbọ́n ìgbà tí wọ́n bá tètè rí i ni BCG wúlò jù. Tí bàbá tàbí ìyá yín bá tọ ẹ̀jẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan péré, tí kò sì dùn wọ́n, ẹ má kàn sọ pé àtọ̀sí ajá ni. Ẹ mú wọn lọ rí dókítà.