Kí ni rọ́bọ́ọ̀tì ń kọ́ ọmọ gan-an?

Bí ilé ìwé aládàáni kan bá ti fi rọ́bọ́ọ̀tì kún ẹ̀kọ́ rẹ̀, ohun tí wọ́n máa ń sọ fún òbí ni pé ọmọ yóò di ẹnjiníà, yóò sì rí towó ṣe. Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Àmọ́ nǹkan mìíràn ló wà lọ́kàn ẹni tó kọ́kọ́ fi rọ́bọ́ọ̀tì lé ọmọdé lọ́wọ́.

Seymour Papert, onímọ̀ ìṣirò tí wọ́n bí ní South Africa ní 1928, ti bá Jean Piaget ṣiṣẹ́ ní Geneva lórí bí ọmọdé ṣe ń ronú kó tó kọjá sí MIT ní Amẹ́ríkà. Ní 1967, òun pẹ̀lú Wally Feurzeig àti Cynthia Solomon gbé Logo jáde, èdè tí ọmọdé lè fi pàṣẹ fún kọ̀ǹpútà. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà ni rọ́bọ́ọ̀tì kékeré kan dé tó ń yí gbirigbiri nílẹ̀, tí bírò wà níkùn rẹ̀. Ìjàpá ni wọ́n pè é. (Ìjàpá tiwọn kò mọ ẹ̀tàn rárá o. Ohun tí o bá ní kó ṣe náà ló máa ṣe, ì báà jẹ́ ìsọkúsọ.)

Ká ní ọmọ fẹ́ kí Ìjàpá ya onígun mẹ́ta tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ dọ́gba. Ó ti kọ́ ọ ní kíláàsì pé dìgírì 60 ni igun kọ̀ọ̀kan. Ó pàṣẹ: rìn síwájú, yà sọ́tùn-ún ní dìgírì 60, ṣe é lẹ́ẹ̀mẹta. Ìjàpá ṣe é, ṣùgbọ́n ìlà náà kò padà pàdé. Ààbọ̀ onígun mẹ́fà ló wà nílẹ̀. Kò sẹ́ni tó fi bírò pupa fa ìlà sí i, kò sẹ́ni tó na pàṣán. Papert a máa ní kí ọmọ dìde, kó fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rin ọ̀nà Ìjàpá. Bó bá rìn ín, yóò rí i pé ẹni tó lọ yípo, tó sì padà dojú kọ ibi tó dojú kọ tẹ́lẹ̀, ti yí dìgírì 360. Pín in sí mẹ́ta, 120 ni.

Èmi rò pé ní kíláàsì tiwa, níbi tí ọmọ ti ń bẹ̀rù àtinawọ́ sókè kó má baà ṣi ìdáhùn sọ, ohun tó níye lórí jù nìyí: àṣìṣe tí ọmọ fúnra rẹ̀ rí, tó wá ìdí rẹ̀, tó sì tún ṣe.

Kì í kàn ṣẹlẹ̀ fúnra rẹ̀, ṣá. Ní 1984, Roy Pea àti Midian Kurland láti Bank Street College ní New York wo àwọn ọmọ tó ti fi Logo ṣeré fún ọdún kan. Nígbà tí wọ́n ní kí àwọn ọmọ náà ṣètò iṣẹ́ mìíràn, wọn kò ta àwọn tí kò kọ́ ọ yọ. Nínú Logo náà, ohun tó wu kálukú ló ń ṣe, ìtọ́sọ́nà kò pọ̀. Ní 1988, David Klahr àti Sharon Carver ní Carnegie Mellon kọ́ àwọn ọmọ ní ìgbésẹ̀ wíwá àṣìṣe, ọ̀kọ̀ọ̀kan. Àwọn yẹn lo ọgbọ́n náà níbi tí kò ti sí kọ̀ǹpútà, bíi kí wọ́n wá ibi tí àpèjúwe ọ̀nà ti ṣì.

Nítorí náà, nípa olùkọ́ ni kí òbí kọ́kọ́ béèrè, kó tó béèrè irú rọ́bọ́ọ̀tì tí ilé ìwé rà. Rọ́bọ́ọ̀tì lè kúrò lọ́jà: LEGO Mindstorms tó jáde ní 1998, tó gba orúkọ rẹ̀ lára ìwé Papert ti 1980, ti kúrò lórí àtẹ láti ìparí 2022. Ìjàpá ní tirẹ̀ ṣì wà lọ́fẹ̀ẹ́ gẹ́gẹ́ bí àwòrán nínú Python, èdè ìpàṣẹ kọ̀ǹpútà bíi Logo, lórí kọ̀ǹpútà àlòkù pàápàá.