Rírọ Bíà Lager sínú Ìgò: Ibi tí Iṣẹ́ Ọtí ti ń Yanjú

Láti oṣù Okúdù ọdún 1949, tí ìgò bíà Star àkọ́kọ́ jáde ní ilé-iṣẹ́ tí a mọ̀ lónìí sí Nigerian Breweries ní Ìgánmú, lódìkejì ọ̀sà, ni bíà lager tí a pọn nílẹ̀ yìí ti ń dé ọjà Sandgrouse àti Ìsàlẹ̀ Èkó ní Erékùṣù Èkó nínú ìgò tí a dé pinpin. Èyí yàtọ̀ pátápátá sí ẹmu àti ṣẹ̀kẹ̀tẹ́, tí í ṣe ọtí àgbàdo, nítorí pé àwọn wọ̀nyí ni a máa ń mu nígbà tí wọ́n ṣì ń hó, nínú agbè tàbí kèrègbè tí gáàsì ti ń rí ọ̀nà jáde. Ẹni tó bá fẹ́ pọn lager nínú ilé gbọ́dọ̀ mọ̀ pé ìdérí yẹn ló sọ iṣẹ́ náà di ẹlẹgẹ́.

Mọ́ọ̀tì, ìyẹn ọkà tí a rẹ sómi títí ó fi hù tí a sì wá yan gbẹ, ni a fi ń pọn bíà. Ọkà bálì ni wọ́n ń lò tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n nígbà tí ìjọba àpapọ̀ fòfin de kíkó mọ́ọ̀tì bálì wọlé ní ọdún 1988, àwọn ilé-iṣẹ́ ọtí yíjú sí ọkà bàbà àti àgbàdo. Ìwúkàrà, ohun ẹlẹ́mìí tí ojú lásán kò lè rí, ni í jẹ ṣúgà inú omi ọkà náà, tí í sì sọ ọ́ di ọtí àti gáàsì tó ń mú bíà fófòó. Inú òtútù ìwọ̀n 8 sí 13 Celsius ni ìwúkàrà lager ti ń ṣiṣẹ́ dáadáa, bẹ́ẹ̀ sì ni ooru Èkó kì í sábà wálẹ̀ sí 20, nítorí náà kò sí bí a ṣe lè pọn ojúlówó lager níbẹ̀ láìsí ẹ̀rọ amóhuntutù.

Ní ilé-iṣẹ́ ńlá, wọ́n máa ń sẹ́ ìwúkàrà kúrò, wọ́n á fi ẹ̀rọ ti gáàsì sínú ọtí, lẹ́yìn tí wọ́n bá sì ti dé ìgò, wọ́n á mú un gbóná dé nǹkan bí ìwọ̀n 60 kí kòkòrò tó lè bà á jẹ́ má baà yè. Nínú ilé, ìwúkàrà ṣì wà láàyè, ṣúgà díẹ̀ tí a bù fún un ló sì ń sọ di gáàsì lábẹ́ ìdérí. Gíráàmù 6 sí 7 tó fún lítà kan, ìyẹn nǹkan bí ṣíbí tíì kan fún ìgò 60cl. Bí ṣúgà bá pọ̀ jù, tàbí tí a rọ ọtí kó tó hó tán, ìgò lè bẹ́, kí àfọ́kù rẹ̀ sì ṣe ènìyàn léṣe.

Nítorí èyí, kí a fi òṣùwọ̀n hydrometer, tí í sọ bí ṣúgà ṣe kù sí nínú ọtí, wò ó fún ọjọ́ mẹ́ta. Bí iye rẹ̀ kò bá yí padà, ó ti hó tán. Kí a lo ìgò bíà tó nípọn, tí kò sán, tí a fọ̀ mọ́ tí a sì fi oògùn apakòkòrò ṣàn, kí a sì fi rọ́bà fa ọtí náà láti ìsàlẹ̀ ìgò wá sókè, kí afẹ́fẹ́ má baà wọ inú rẹ̀ kó sọ adùn rẹ̀ nù. Ìdérí onírin tí William Painter gba ẹ̀tọ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1892 ṣì ni ó dára jù láti fi dé e. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì nínú àpótí tó ní ìdérí, níbi tí oòrùn kò dé, kí a mú ìgò kan tutù, kí a ṣí i wò. Bí ó bá fófòó bó ti yẹ, kí a kó ìyókù sínú òtútù fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, nítorí inú òtútù yẹn ni lager ti ń mọ́ gaara.